Ẹ̀rí Tí Ìyá Délé Jẹ́ Nítorí Oko Káńsù

Ẹ fi àwọn fóònù yẹn sápò ná, gbogbo yín pátá. Tọ́mi, mo rí ẹ, má fi í pa mọ́ sábẹ́ sùtánà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kó jáde nínú yàrá yìí kó tún wá bá mi pàdé lójú títì. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí àwọn àgbà ìjọ wa kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ tí wọ́n bá dìde láti jẹ́rìí. Ẹ rò pé a ti di agbéraga. Rárá o. Ẹ̀rù ló bà wá. Ohun tó sì dẹ́rù bà wá, títí di òní, tí mo bá rántí ẹ̀, orí mi á wú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe máa ń dúpẹ́ láyé àtijọ́, torí ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á gbé oúnjẹ fún yín, ẹ ó ní "tánkíù," ó parí nìyẹn, ẹ ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nílé wa ní Èkìtì, ọpẹ́ kì í tán lọ́jọ́ kan. Bí o bá yá mi ní ìkòkò nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ni màá wá kan ilẹ̀kùn ẹ: "A dúpẹ́ àná o." Bí mo bá tún pàdé ẹ lọ́nà odò lẹ́yìn ìgbà yẹn, "Ẹ ṣé ti ọjọ́sí o." Bàbá mi lè dúpẹ́ oore kan títí tí ẹni tó ṣe é á fi máa bẹ̀ ẹ́ pé, Bàbá, ó ti tó.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yege láti wọ ilé ìwé gíga, tíṣà kan ló ka orúkọ rẹ̀ síta níwájú gbogbo èèyàn. Kíkà lásán o! Ẹ wá wo agbo ilé wa bó ṣe gbéra. Bàbá mi gbé àkùkọ, ìyá mi ru iṣu, àwa ọmọ tò tẹ̀ lé wọn. A dé ilé tíṣà, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ̀yin lẹ mú ọmọ mi wọ ilé ìwé!" Tíṣà ní, "Bàbá, ẹ dìde, èmi kọ́, ọmọ yín ló mọ̀wé." Bàbá mi ò gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni àkùkọ ti já okùn, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, gbogbo wa dojú bolẹ̀ à ń wá a, ìyàwó tíṣà ń pariwo pé kí a má fọ́ àwo òun. Ó fọ́. A tún padà lọ bẹ̀bẹ̀ àwo, nígbà tí a sì débẹ̀, bàbá mi tún dúpẹ́ ti ilé ìwé.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti kan ọ̀rọ̀ ẹ báyìí, bó ti wù kó kéré tó, òun ló ṣe é fún ẹ. Wàá dárúkọ ẹ̀, wàá dá a sókè, gbogbo èèyàn á gbọ́. Tí o kò bá ṣe é, wọ́n á ní ta ló bí ọmọ yìí.

Àṣà yẹn la gbé wá sí Dagenham nílẹ̀ òyìnbó níbí, èmi àti ọkọ mi. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ló gbà á síṣẹ́. Nígbà náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ṣíwọ́, ẹ ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lójú pópó, aago kẹ̀kẹ́ á máa dún láàárín wọn, mo sì máa ń ti orí ìró yẹn mọ ìgbà tó yẹ kí n gbé omi ẹ̀bà kaná. Ìró yẹn ti tán. Ilé ni wọ́n ń kọ́ sí apá ibì kan níbẹ̀ báyìí.

Ọkọ mi ò lè gbé ayé kó má fọwọ́ kan ilẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ fún un pé káńsù ní oko. Oko káńsù ni àwa Yorùbá ń pè é. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni. Káńsù gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń yá a fún ará àdúgbò tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́. O ò lè rà á, o ò lè kọ́lé sórí ẹ̀. Wàá forúkọ sílẹ̀, wàá sì dúró títí yóò fi kàn ẹ́, ó sì lè pẹ́ gan-an. Ó kàn wá lọ́jọ́ kan, ọkọ mi fò sókè ní pálọ̀, orí ẹ̀ kan iná àjà.

A gbin tẹ̀tẹ̀, òtútù pa á. A gbin àgbàdo, ó ga dé orúnkún, ó ní òun ò ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan lọ, bó ṣe wọ bọ́ọ̀sì délé nìyẹn pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan, tí gbogbo èrò ń wò ó. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Lẹ́n ló ni oko tó tẹ̀ lé tiwa. Bàbá Lẹ́n ni mò ń pè é. Òun ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà bo ẹ̀fọ́ nígbà òtútù. Ó yá mi ní ṣọ́bìrì lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún dúpẹ́. Ó lọ fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé ṣé mo tún fẹ́ yá ṣọ́bìrì ni tí ojú ń tì mí láti béèrè. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí Ìyá Délé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Màmá tó ń gbé ní Alibon, tó máa ń fún yín ní gúgúrú, tó máa ń jókòó nídìí fèrèsé. Kò sí ẹni tó mọ ọpẹ́ dá bí i tiẹ̀ nínú gbogbo ìjọ yìí. Tó bá dìde láti jẹ́rìí, àwọn akọrin á fi ìwé orin sílẹ̀, wọ́n á fara balẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tó dúró dè é. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdébìnrin tó bá a tẹ nọ́ńbà lórí fóònù. Ó ti fìgbà kan kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní òun ló wo òun sàn.

Òun náà forúkọ sílẹ̀ fún oko káńsù, ó sì dúró. Ó dúró débi pé ó ti ń gbin ewúro sínú páànù ìwẹ̀ ní bákónì. Nígbà tó kàn án wàyí, wọ́n ní kó wá sí ọ́fíìsì. Orúnkún ń dùn ún, òyìnbó ò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó pe Rẹ̀mí.

Rẹ̀mí yìí, ọmọ tí a jọ tọ́ ni. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, àwa ìyá ìjọ la pín in tọ́. Lónìí, ó sùn lọ́dọ̀ mi; lọ́la, Ìyá Délé á di irun fún un. Ó kàwé, ó di tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké níbi Heathway níbẹ̀ yẹn. Àwọn ará àdúgbò dìbò fún un, ó di káńsẹ́lọ̀. Rẹ̀mí wá fi mọ́tò rẹ̀ gbé Ìyá Délé lọ sí ọ́fíìsì, ó bá a túmọ̀ òyìnbó, ó tún tẹ̀ lé e dé orí ilẹ̀ náà, ó bá a gé ẹ̀gún kúrò. Ohun tó ṣe nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò dín.

Ìkórè wá dé. Àwa la kó ẹ̀fọ́ sórí pẹpẹ lọ́dún yẹn, òórùn ẹ̀fọ́ tútù dàpọ̀ mọ́ ti àbẹ́là. Ìyá Délé gbé elégédé kan tó tóbi bí ọmọ ọdún kan, ó sì gba máíkì. Ẹ gbọ́ ohun tó wí:

"Ẹ yin Olúwa! Ẹ ò yìn ín dáadáa, ẹ yin Olúwa! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa, Rẹ̀mí, tó wà ní káńsù! Òun ló fún mi ní ilẹ̀! Ilẹ̀ ìjọba o! Ó ní, Mọ́mì, ẹ bọ́ sórí ẹ̀, ẹ máa gbin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilẹ̀, ẹ lọ bá Rẹ̀mí! Tí ìbò bá dé, òun la máa dì í fún!"

Ṣọ́ọ̀ṣì gbiná. A jó, a lu agogo, a ṣe àmín. Rẹ̀mí fi ọwọ́ bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó gbọ́ ohun tó burú níbẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo jó débi pé gèlè mi tú.

Ẹni tó ń ká fídíò sì ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìbò káńsù wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ rántí bí àdúgbò ṣe rí nígbà náà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ní Gascoigne, wọ́n ń wó ilé àtijọ́, wọ́n ń kọ́ tuntun. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ẹ dé ilé onídìrí, "ta ni wọ́n máa kó wọ àwọn ilé yìí, ta ló ni ilẹ̀" lẹ ó máa gbọ́. Ọkùnrin kan tó ń bá Rẹ̀mí du ipò rí fídíò yẹn. Ó wá ẹni tó túmọ̀ ẹ̀, ó kọ òyìnbó sábẹ́ ẹ̀, ó wá fi lé e lórí pé: káńsẹ́lọ̀ gba ilẹ̀ gbogbo ìlú, ó pín in fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kí wọ́n lè dìbò fún un.

Yéè! Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo dúró tì nígbà tí ọmọ mi fi hàn mí. Mo kà á, mo tún un kà. Ohun tó jẹ́ kí ara mi tutù ni pé irọ́ ò sí nínú ìtumọ̀ ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ síbẹ̀, Ìyá Délé wí i. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tí a jó sí ni wọ́n fi ń pe ọmọ wa lólè. Mo ní, ṣé bí a ṣe ń dúpẹ́ ni wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ yìí ni? Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi jábọ́ sílẹ̀, mi ò mọ̀.

Rẹ̀mí ṣàlàyé títí ohùn ẹ̀ fi há. Wọ́n ní, kí ló tún ń ṣàlàyé, àwọn èèyàn rẹ̀ ló fẹnu ara wọn sọ ọ́. Òbí kan mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì rẹ̀. Bàbá Lẹ́n, tí a ti jọ ń roko láti ọjọ́ yìí wá, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò kí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin náà ń dúró de oko káńsù, kò tíì kàn án. Mo kí i, ó dorí kodò, ó ń ti bárò rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, mi ò ní parọ́ fún yín.

Wọ́n wá ṣe ìpàdé kan kí ìbò tó dé, kí gbogbo àwọn tó ń du ipò wá dáhùn ìbéèrè ará ìlú. Gbogbo wa mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Rẹ̀mí máa kù sí, yálà kó yè é tàbí kó bá a lọ. Kì í ṣe ti ipò káńsẹ́lọ̀ nìkan. Tí wọ́n bá pè é ní olè níbẹ̀, ta ló máa gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ mọ́? Ó wá sí ilé Ìyá Délé, èmi náà wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn bá mi wá síbẹ̀. Ẹ sọ pé mi ò ṣe nǹkan kan fún yín."

Ìyá Délé wò ó bí ẹni pé ó ń wo àlejò. "Kí n sọ kí ni?"

"Pé mi ò ṣe nǹkan kan fún yín. Tó bá ti kàn yín, ó ti kàn yín ni. Òótọ́ ni, Mọ́mì."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló gbé mi lọ? Ta ló bá mi sọ̀rọ̀ fún wọn? Ọwọ́ tí ẹ̀gún ya yìí, ọwọ́ ta ni?" Ó di ọwọ́ Rẹ̀mí mú, ó ń mì í. "Kí n wá dúró níwájú òyìnbó kí n ní o ò ṣe nǹkan kan fún mi? Ṣé kí n kú lẹ́ni tí kò moore ni?"

Rẹ̀mí bú sẹ́kún. Kí n ní kí àgbàlagbà sẹ́ oore? Tàbí kí n ní kó fi ọmọ sílẹ̀ kó bàjẹ́? Tíì tí mo gbé sílẹ̀ tutù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá Délé ò sọ pé òun á wá, kò sì sọ pé òun ò ní í wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, bí mo ṣe fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, mo bá a ní ibùdókọ̀, ó ti wọ kóòtù rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti igi tí wọ́n kọ àkókò bọ́ọ̀sì sí. A ò lè bá Rẹ̀mí lọ. Ẹ ò rí ayé? Mọ́tò tó ti ń gbé Ìyá Délé kiri láti ọjọ́ yìí wá, kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n má ba à yà á ní fọ́tò. Orúnkún ẹ̀ ń dún káká bó ṣe ń gòkè.

Gbọ̀ngàn kún bámúbámú. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkùnrin yẹn wá dìde, ó gbé fídíò sójú ògiri. Àwa rèé, nínú sùtánà, à ń jó. Mo rí ara mi, gèlè ń já bọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ń wo ijó wa bí ẹni ń wo olè tó ń pín ẹrù. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Bàbá Lẹ́n ló na ọwọ́. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ti olóṣèlú kankan, ṣé màmá inú fídíò yẹn wà níbí? Òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Mo ní ó wà níbí, màá bá a túmọ̀. Wọ́n gbé máíkì dé. Bàbá Lẹ́n bi í pẹ̀lẹ́ pé: Kí ni Rẹ̀mí ṣe fún yín tí ẹ fi rí ilẹ̀?

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìyá Délé dìde. Ó gba máíkì. Ó wo Rẹ̀mí níwájú níbẹ̀. Rẹ̀mí ò lè wò ó padà.

Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan fún mi."

Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ ní òyìnbó. Ó tún ní, "Mo dúró títí ó fi kàn mí. Ó kàn mí. Kò sẹ́ni tó bá mi ṣe é." Mo sọ ìyẹn náà. Bàbá Lẹ́n béèrè pé, kí ló dé tí ẹ fi sọ èyí tí ẹ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ìyá Délé ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé inú mi dùn ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá Lẹ́n mi orí, ó ní ó yé òun, ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n parí, ó ní kí n má bínú. Ọkùnrin yẹn tilẹ̀ ká wáyà rẹ̀, ó jókòó. Ayọ̀ ń pa mí, mo yíjú sí Ìyá Délé kí n kí i. Omi ń dà lójú ẹ̀.

Ó fà mí mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Mo ti purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lójú ara ẹ̀, mo purọ́ mọ́ ọn."

Ẹnu mi ò lè dé. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé gbà pé òótọ́ ni, tí ó gba ọmọ wa sílẹ̀, irọ́ ni lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Irọ́ tó burú jù tó pa láyé ẹ̀ ni. Mo ní, "Ìyá Délé, ẹ ò purọ́." Ó ní, "Ìwọ náà jókòó sílé mi nígbà tí mo di ọwọ́ tí ẹ̀gún ya yẹn mú." A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Alibon.

Rẹ̀mí wọlé. Wọ́n dìbò fún un dáadáa. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wá dúpẹ́. Gbogbo wa tí a rìn nínú òjò, tí a ń há ìwé ìpolongo sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé onílé, a jókòó, à ń retí ká gbọ́ orúkọ wa. Láyé àtijọ́, òun ì bá dárúkọ wa títí dé orí ẹni tó ra omi. Ó gba máíkì, ó wo kámẹ́rà tó wà lókè, ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó jókòó. Mo wo Ìyá Délé, ó ń tún etí aṣọ rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ níbí, bí ẹ ṣe rí i.

Nígbà tí ìsìn parí, mo wà ní kíṣínì lẹ́yìn pẹpẹ níbẹ̀, mò ń fọ kọ́ọ̀bù, Ìyá Délé sì jókòó tì mí lórí àga, ó ń nu wọ́n gbẹ. Rẹ̀mí wọlé. Kò kí wa. Ó yọ orí síta, ó wo ọ̀nà, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ẹnì kan ló ń lé e bọ̀. Lẹ́yìn náà ló tó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Délé, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ẹni tó wà níta má ba à gbọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì."